Ta Ni Yóò Kọ Ìtàn Mọ́tò Wa Sílẹ̀?

Ọdún 1978 ni ìjọba ológun ṣí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Ọ̀nà yìí, tí gígùn rẹ̀ lé díẹ̀ ní kìlómítà 127, ló sọ Mowe àti Ibafọ di ibi tí èrò ń wọ́ lọ bí omi. Ẹni tí ó bá dúró sí ẹ̀gbẹ́ títì níbẹ̀ fún wákàtí kan péré, gbogbo ìran mọ́tò tí ó ti wọ ilẹ̀ wa ni yóò kọjá níṣojú rẹ̀: dáńfó, àjàgbé akẹ́rù, ògbólógbòó Peugeot, àti tòkúnbọ̀ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láti èbúté. Ìtàn náà ń kọjá lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ènìyàn ló ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ló gbà pé eré àwọn olówó ni ìtàn mọ́tò. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Mo gbà pé àìkọsílẹ̀ rẹ̀ ń ná wa lówó, ó sì ń mú ìjọba ṣe àṣìṣe kan náà lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ jẹ́ kí a wo ẹ̀yìn díẹ̀. Ojú irin tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ láti Èkó ní 1896 ti gba Ifọ kọjá kí mọ́tò tó di nǹkan gidi láàárín wa. Nígbà tí mọ́tò dé, kì í ṣe òyìnbó nìkan ló fi ṣòwò. Ní 1913, obìnrin kan, Charlotte Ọlájùmọ̀kẹ́ Ọbasá, ọmọ R. B. Blaize, dá ọkọ̀ akérò Àǹfààní sílẹ̀ ní Èkó. Lẹ́yìn náà ni àwọn káfíńtà wa bẹ̀rẹ̀ sí í fi pákó kan ara ọkọ̀ sórí ẹ́ńjìnnì àti irin ìsàlẹ̀ tí ó ti òkè òkun wá. Ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni a sọ ní bọ̀lẹ̀kájà. Iṣẹ́ ọwọ́ wa ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a kì í ka àwọn tí wọ́n ṣe é mọ́ àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ.

Ní 1975, ilé iṣẹ́ Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní Ọ̀jọ́, ti Peugeot sì bẹ̀rẹ̀ ní Kàdúná. Leyland náà wà ní Ìbàdàn. Inú wa dùn. Ṣùgbọ́n òkè òkun ni púpọ̀ nínú ẹ̀yà ara àwọn ọkọ̀ náà ti ń wá. Nígbà tí owó epo rọ̀bì já wálẹ̀ láàárín 1980 sí 1986, tí owó ilẹ̀ òkèèrè wọ́n gógó, kò sí ohun tí wọn yóò fi to ọkọ̀ bí ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Àwọn ará ìlú sì kọjú sí tòkúnbọ̀.

Ní 2013, ìjọba tún gbé ètò mìíràn jáde láti mú kí a máa ṣe ọkọ̀ nílé. Wọ́n fi owó orí ìdá márùndínlógójì nínú ọgọ́rùn-ún àti owó àfikún tí ó tó bẹ́ẹ̀ lé ọkọ̀ tuntun tí ó bá wọlé. Nígbà náà, Michelin ti kógbá táyà ṣíṣe wọlé ní Port Harcourt láti 2007, Dunlop sì ti dá tirẹ̀ dúró ní Ìkẹjà ní 2008. Kí wá ni a fẹ́ fi tẹ ọkọ̀ náà ní bàtà? Òfin ìsúnná 2020 dín owó àfikún yẹn kù sí ìdá márùn-ún. Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ẹ̀yìn tí kò sí ní àkọsílẹ̀ kò ṣeé wò.

Ọ̀dọ̀ àwọn àgbà mẹkáníìkì, awakọ̀ àti onífọkanáísà tí wọ́n wà ní Mowe, Ibafọ àti Ifọ ni púpọ̀ nínú ìmọ̀ yìí wà. Ẹ bi wọ́n léèrè, ṣùgbọ́n ẹ yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Bí bàbá kan bá ní Ọ̀jọ́ ni wọ́n ti to ìjàpá tí òun rà ní 1970, a mọ̀ pé ọkọ̀ náà ti wà ṣáájú ilé iṣẹ́ yẹn. Bí sítíárìn ọkọ̀ inú àwòrán bá wà lápá ọ̀tún, ó ṣeé ṣe kí ó ti wà ṣáájú ọjọ́ kejì oṣù kẹrin 1972, ọjọ́ tí Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í wa ọkọ̀ gba apá ọ̀tún títì. Bí nọ́ńbà rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú OG, àwòrán náà kò lè ṣáájú 1976 tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀. Báyìí ni òǹkọ̀wé àti àwọn tí ń kà á ṣe máa ń tún ìtàn ṣe papọ̀. Ẹni tí ó bá ń kọ ìtàn tí kò fẹ́ kí òǹkàwé já òun nírọ́, ìpolówó ọjà ló ń kọ.

Àwọn kan yóò ní ebi ń pa ìlú, ẹ ń sọ ti mọ́tò àtijọ́. Òótọ́ ni pé ebi ń pa ìlú. Àmọ́ iṣẹ́ ọkọ̀ ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ wa ń kọ́ láti lé ebi náà lọ, ìgbìmọ̀ tí ó bá sì mọ ohun tí ó pa ilé iṣẹ́ ti ìṣáájú kò ní í fi owó ìlú kọ́ irú rẹ̀.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò wọ́n. Ní ọjọ́ tí ọmọ iṣẹ́ bá ń ṣe fíríìdọ́mù, kí ẹgbẹ́ mẹkáníìkì jẹ́ kí ọ̀gá rẹ̀ sọ orúkọ ẹni tí ó kọ́ òun níṣẹ́, ìlú tí ó ti kọ́ ọ, ọdún tí ó kọ́ ọ, àti irú ọkọ̀ tí wọ́n ń tún ṣe nígbà náà. Kí ẹnì kan kọ ọ́ sínú ìwé, kí wọ́n sì ya àwòrán àwọn ìwé ọkọ̀ àtijọ́ tí ó bá wà lọ́wọ́. Ìwé àjákọ kan àti fóònù kan tó fún un.