Ẹ̀bùn Kì í Ṣe Gbèsè

Ní ilẹ̀ Ọsirélíà, eré bọ́ọ̀lù kan wà tí àwọn ará ibẹ̀ fẹ́ràn púpọ̀. Bọ́ọ̀lù rẹ̀ rí bí ẹyin. A lè fi ọwọ́ mú un, a sì lè fi ẹsẹ̀ gbá a. Ẹgbẹ́ tí ó bá ṣe ìkẹyìn lọ́dún ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ yan ẹni tí ó wù ú nínú àwọn ọ̀dọ́ titun. Ní ọdún 2008, Melbourne ni ó ṣe ìkẹyìn, Jack Watts ni wọ́n sì yàn.

Nígbà náà, láti ọdún 1964 ni ẹgbẹ́ náà kò ti gba ife. Nítorí náà ni àwọn olólùfẹ́ wọn ṣe di gbogbo ìrètí wọn lé ọ̀dọ́mọkùnrin yìí lórí. Ọmọ ọdún 18 ni nígbà tí ó kọ́kọ́ jáde, ní oṣù kẹfà ọdún 2009, tí àwọn agbábọ́ọ̀lù Collingwood sì gbé e ṣánlẹ̀. Láti ìgbà náà, bí ó bá ṣe dáadáa lónìí, wọn a gbé e gẹ̀gẹ̀. Bí ó bá kùnà lọ́la, wọn a bú u. Ní ọdún 2017, góòlù rẹ̀ ni Melbourne fi borí Collingwood kan náà. Síbẹ̀, kí ọdún náà tó parí, wọ́n ti jọ̀wọ́ rẹ̀ fún Port Adelaide.

Lóòótọ́, ẹni tí ó sanwó wòran lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè pé kí agbábọ́ọ̀lù sa gbogbo ipá rẹ̀. Ṣùgbọ́n Watts kọ́ ni ó fi ara rẹ̀ sí ipò kìn-ín-ní, òun kọ́ ni ó sì jẹ gbèsè ọdún 1964. Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ẹni tí ó bá ń fẹ́ èso igi, kí ó jẹ́ kí igi náà ta gbòǹgbò ná.