Àdàkọ Kì Í Ṣe Ìwé Kíkọ

Bí a bá mú ọmọ ọdún mẹ́fà jókòó síwájú pátákó ní Ìyèrè lẹ́bàá Ọ̀wọ̀, tí a ní kí ó máa da ohun tí olùkọ́ kọ síbẹ̀ kọ títí agogo yóò fi lù, lẹ́tà rẹ̀ lè gún régé bí i ti akọ̀wé kóòtù, ṣùgbọ́n mo wí i, n kò sì ní kó ọ̀rọ̀ mi jẹ, pé ọmọ náà kò tíì kọ ìwé kankan, nítorí kò sí ẹyọ ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ tí ó ti inú tirẹ̀ wá.

Ìwé aláwòrán ni kí a gbé lé e lọ́wọ́. Kí ó rí ìyá tí ó sá èlùbọ́ sórí àpáta, kí ó rí ewúrẹ́ tí ó ń yọ́ bọ̀ lẹ́yìn. Kí olùkọ́ bi í pé kí ni yóò ṣẹlẹ̀, kí òun náà rò ó, kí ó sì kọ ọ́ sábẹ́ àwòrán. Ìròyìn kò tó àfojúbà. Àǹfààní mìíràn tún ń bẹ níbẹ̀ tí ará Ọ̀yọ́ lè má tètè rí: ẹ̀ka-èdè Ọ̀wọ̀ ni ọmọ wa bá lẹ́nu ìyá rẹ̀, Yorùbá inú ìwé sì ni olùkọ́ ń kọ sí pátákó, ṣùgbọ́n àwòrán kò ní ẹ̀ka-èdè, ọmọ a kọ́kọ́ sọ ọ́ bí wọ́n ti ń sọ ọ́ nílé, olùkọ́ a sì wá fi bí a ti ń kọ ọ́ hàn án.

Àwọn kan a máa wí pé àwòrán ń sọ ọmọ di ọ̀lẹ. Irọ́ gbuu ni. Olóyè J. F. Ọdúnjọ, ọmọ Ìbarà, kò ka àwòrán sí ìṣeré nínú ìwé kíkà rẹ̀, Aláwìíyé. Fágúnwà ọmọ Òkè-Igbó, lẹ́yìn tí Ògbójú Ọdẹ ti sọ ọ́ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká láti 1938, kò ka kíkọ ìwé Táíwò àti Kẹ́hìndé fún àwọn ọmọ kéékèèké sí àbùkù. Ní Ọ̀wọ̀ gan-an, nígbà tí awalẹ̀pìtàn Ekpo Eyo wa ilẹ̀ Igbó'Lájà láàárín 1969 sí 1971, lára ère amọ̀ tí ó hú jáde, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn baba wa ní nǹkan bí ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún, ni ẹkùn kan wà tí ó ń jẹ ẹsẹ̀. Ẹ fi han ọmọdé, kí ẹ wò ó bí kò bá ní béèrè pé ẹsẹ̀ ta nìyẹn. Ìdáhùn tí ó bá fún ara rẹ̀ ni àròkọ àkọ́kọ́ tí yóò kọ.

Adékúnlé Ajásin, ọmọ Ọ̀wọ̀, ni ó kọ ìlànà ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1955. Ilẹ̀kùn tí ó ṣí kò yẹ kí ọmọ gba ibẹ̀ wọlé lọ́wọ́ òfìfo. Nítorí náà, kí àwọn tí ètò ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wà lọ́wọ́ wọn ní Àkúrẹ́ tó tún ra ọ̀dà ògiri kan, kí ìwé aláwòrán kọ̀ọ̀kan kọ́kọ́ tẹ ọmọ kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́, láti kíláàsì kìíní dé ìkẹta, kí ó sì jẹ́ ayàwòrán ilẹ̀ wa ni ó yà á. Kí a má ṣe gbé àwòrán yìnyín wá fún ọmọ tí kò rí i rí, nítorí kí ni a fẹ́ kí ó rí kọ nípa rẹ̀?