Ta Ló Ní Omi Orúnkún Yín Ti Gbẹ?

Àwọn tó ń ta oògùn nínú bọ́ọ̀sì ní omi orúnkún yín ti gbẹ. Irọ́ ni! Orúnkún tó wú, omi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Ẹ wo ẹnu eegun itan adìyẹ: ohun funfun tó ń dán yẹn, irú rẹ̀ ló bo eegun wa níbi tí itan ti pàdé ojúgun. Òun ló ń jẹ díẹ̀díẹ̀, kò sì sí hóró oògùn tó lè mú un hù padà. Ẹran iwájú itan ló ń bá orúnkún gbé ẹrù. Tí ẹ bá jókòó gẹlẹtẹ nítorí ìrora, ẹran yẹn á rọ, ìrora á le sí i. Ẹ jókòó sórí àga, ẹ na ẹsẹ̀ kan gbọọrọ, ẹ ka ení dé ẹẹ́wàá, kí ẹ tó sọ ọ́ kalẹ̀. Ẹni tó sanra tó bá dín kílò kan kù, bíi kílò mẹ́rin ló kúrò lórí orúnkún rẹ̀ ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

Àpòpọ̀ oògùn tí wọ́n ń dì fún yín nínú ọ̀rá ńkọ́? Tí dexamethasone àti diclofenac bá wà níbẹ̀, ó lè dá egbò sínú ikùn, ó lè ba kíndìnrín jẹ́. Ṣé ẹni tó tà á ló máa sanwó dáyálísísì?

Orúnkún tó wú, tó gbóná, tí ibà bá a rìn, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ rà á. Ilé ìwòsàn ni, lónìí.