Ìgò Wáìnì Kọ́ Ni Yóò Sọ Wá Di Ẹni Iyì

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, ẹ̀yin baba, ẹ̀yin ìyá, àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ jẹ́ ọwọ́ ọ̀tún wa ní ìlú Ìbìní yìí, ẹ fetí sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan ti pẹ́ ní ọ̀fun mi, mo sì mọ̀ pé bí mo bá sọ ọ́, yóò bí àwọn kan nínú. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń kọ ìwé owó ẹgbẹ́ kò gbọdọ̀ dákẹ́ nígbà tí owó bá ń jò lọ bí omi inú agbọ̀n. Ọ̀rọ̀ náà jẹ́ ti àsè ọdún wa. Ìgbìmọ̀ ti dá a lábàá pé kí a tún ṣe é bí a ti ṣe é ní èṣí: nínú gbọ̀ngàn hòtẹ́ẹ̀lì, pẹ̀lú wáìnì òkè òkun, tí a ó máa gbé oríṣi kan wá fún oúnjẹ kọ̀ọ̀kan, funfun fún ẹja, pupa fún ẹran. Èmi wí pé rárá. Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ìdí rẹ̀ kí a tó dìbò ní ìpàdé tí ń bọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a rántí èṣí. Hòtẹ́ẹ̀lì kan tí n kò ní dárúkọ gba owó wa kí a tó wọlé. Wọ́n gbé wáìnì pupa ka iwájú wa pẹ̀lú ẹran ewúrẹ́ aláta. Baba kan tí ó jókòó ní ẹ̀gbẹ́ mi mu ún lẹ́ẹ̀kan, ó fún ojú pọ̀, ó ní, “Akọ̀wé, ṣé àgbo ibà ni èyí ni?” A rẹ́rìn-ín títí. Ṣùgbọ́n nígbà tí àsè parí tí mo ka ìgò, èyí tí ó ju ìdajì lọ ni wọ́n ṣí tí ẹnikẹ́ni kò mu tán. Ti orin ńkọ́? Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ni ó jókòó sí ìdí ẹ̀rọ, tí ó ń yí orin àwọn ẹlòmíràn fún wa. Kò mọ orúkọ alága wa, kò mọ oríkì ẹnikẹ́ni, kò sì sí ẹni tí ó lè bá a gbe orin. Bí ẹni ń gbọ́ rédíò nílé ara rẹ̀ ni a ṣe gbọ́ ọ.

Kò pé oṣù méjì lẹ́yìn náà ni ọ̀kan nínú àwọn ìyá wa tí ń ta ẹ̀wà di olóògbé. Àwọn ọmọ rẹ̀ fẹ́ gbé e lọ sílé. Akápò ṣí àpótí, owó tí ó bá níbẹ̀ kò tó owó ọkọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe gbé fìlà káàkiri láti ìsọ̀ dé ìsọ̀. Èmi ni mo gbé fìlà náà. Ọmọ ìyá yìí ń tẹ̀ lé mi lẹ́yìn, kò sọ̀rọ̀. Mo rántí àwọn ìgò tí ó ṣẹ́kù sórí tábìlì, ojú tì mí, nítorí pé èmi gan-an ni mo kọ ìwé tí a fi gba owó náà jáde, tí mo sì fọwọ́ sí i. N kò bá ẹnìkan wí ju ara mi lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé Akọ̀wé kò fẹ́ kí a ṣe fàájì. Ẹgbẹ́ tí kì í jẹ tí kì í mu pọ̀, ọjọ́ òkú nìkan ni yóò máa rí ara rẹ̀. N kò sì sọ pé wáìnì burú. Ní ilẹ̀ Faransé, ní Ítálì, àti ní Gúúsù Áfíríkà, àwọn tí ń gbin àjàrà a máa gba àlejò sí oko wọn. Wọn a tẹ́ tábìlì, olórin a máa kọrin lójúkorojú, wọn a sì bu wáìnì oko náà fún àlejò pẹ̀lú oúnjẹ agbègbè náà. Ohun tí ó mú un dára ni pé ilẹ̀ kan náà ni ó hu méjèèjì, àwọn ènìyàn kan náà ni ó sì ń sè é tí wọ́n ń pọn ọ́n. Ọgbọ́n ibẹ̀ nìyẹn. Àwa ra ìgò wọn, a fi ọgbọ́n wọn sílẹ̀.

Bí a bá fẹ́ ọgbọ́n náà, ilẹ̀ tí a wà yìí ní tirẹ̀. Ilẹ̀ ẹmu ni. Ọ̀pẹ wà, ògùrọ̀ wà, ẹlẹ́mu tí ń fi igbà gun igi ní kùtùkùtù wà. Ẹ̀yin tí ẹ ń fojú tẹ́ńbẹ́lú ẹmu, ẹ jẹ́ kí n sọ bí ó ti ń ṣiṣẹ́. Bí omi igi ti ń kán sínú akèrègbè ni ìwúkàrà ti ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí adùn inú rẹ̀. Ní òwúrọ̀ ó dùn, agbára rẹ̀ kéré. Nígbà tí yóò fi di ọ̀sán, adùn ti ń dínkù, ó ń hó, ó ń ta ahọ́n. Ní alẹ́ ó ti le. Bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá mọ́, ó ti kan. Agbára ọtí inú rẹ̀ kì í sábà ju ìdá mẹ́ta sí márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lọ, bẹ́ẹ̀ ni ti wáìnì inú ìgò a máa tó ìdá méjìlá sí mẹ́rìnlá.

Ẹ ò rí i pé ẹmu kan ṣoṣo tó oríṣi mẹ́ta ní ọjọ́ kan? Ti òwúrọ̀ yẹ àkàrà gbígbóná àti ẹ̀pà yíyan. Ti ọ̀sán yẹ àsun, ìgbín aláta àti ẹja sísun, nítorí pé adùn tí ó kù nínú rẹ̀ a máa rọ ata lójú. Wáìnì pupa kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ní ìkorò tí ń mú ẹnu gbẹ, ọtí inú rẹ̀ sì le, bí ata bá pàdé rẹ̀, ńṣe ni iná ń pọ̀ sí i lẹ́nu. Baba tí ó pè é ní àgbo ibà kò purọ́. Ti ìrọ̀lẹ́ sì yẹ iyán àti ọbẹ̀ ẹ̀gúsí, tàbí kí a bá àwọn onílé wa jẹ ọbẹ̀ dúdú wọn.

Orin náà ńkọ́? Inú irú ìjókòó bẹ́ẹ̀ ni orin wa ti jáde. Ní Èkó, láàárín ọdún 1930 sí 1939, Tunde King àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò ju ènìyàn díẹ̀ lọ: olókùn kan, onísẹ̀kẹ̀rẹ̀ kan, àti ẹni tí ń lu ìlù pẹlẹbẹ tí a ń pè ní jùjú. Orin tí gbogbo ayé mọ̀ lónìí ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. I. K. Dairo mú un dé ibi tí Ọbabìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi oyè MBE dá a lọ́lá ní 1963. Láti Sierra Leone títí dé Ghana, ẹmu ni wọ́n fi sọ orúkọ orin gìtá kan, nítorí pé ibi tí wọ́n ti ń mu ẹmu ni wọ́n ti ń ta gìtá náà. Ìlú tí a wà yìí sì ni ó bí Victor Uwaifo, ẹni tí ó kọ “Joromi”, tí ó kú ní 2021. Ní ìlú onígìtá bí èyí, ẹ̀rọ ni a gbé síwájú àlejò!

Mo ti ń gbọ́ èsì àwọn kan. Àkọ́kọ́, wọ́n ní ẹmu jẹ́ ti ará oko, wáìnì ni ó fi ọ̀làjú hàn. Ta ni ó kọ́ wa bẹ́ẹ̀? Ní ayé òyìnbó amúnisìn, wọ́n fi òfin de ògógóró tí a ń pọn láti inú ẹmu, wọ́n ń mú àwọn tí ń pọn ọ́n, bẹ́ẹ̀ ni jíìnì òkè òkun ń gba èbúté wọlé tí ìjọba ń gba owó lórí rẹ̀. Láti ìgbà náà ni a ti ń rò pé ohun tí ó bá ti inú ọkọ̀ òkun jáde ni ó níyì. Òyìnbó ti lọ láti 1960. Kí ni ó dé tí àwa ṣì ń ṣọ́ èbúté fún un?

Èkejì, wọ́n ní àwọn ẹlẹ́mu a máa bu omi lù ú, wọn a sì fi sákárínì sí i. Òótọ́ ni, mo ti mu irú rẹ̀, inú run mí fún ọjọ́ méjì. Ṣùgbọ́n nítorí pé oníyẹ̀fun kan yan àwa jẹ, ṣé a kò ní jẹ ẹ̀bà mọ́? Kí a lọ bá ẹlẹ́mu ní ìdí ọ̀pẹ rẹ̀, kí a san owó tí ó tó fún un, kí ẹnìkan nínú wa sì dúró nígbà tí ó ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Bí ẹnìkan bá sì fẹ́ inú ìgò dandan, NIFOR, ilé ìwádìí ọ̀pẹ tí a dá sílẹ̀ ní 1939 lẹ́bàá ìlú yìí, ti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé a lè fi ooru dá ẹmu dúró kí a sì rọ ọ́ sínú ìgò. Ṣùgbọ́n ògógóró tí kò ní orúkọ lára kò gbọdọ̀ wọ ibi àsè wa. Ní 2015, irú rẹ̀ tí ó ní methanol nínú pa ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ìpínlẹ̀ Òndó àti ní ìpínlẹ̀ Rivers.

Ẹ̀kẹta ni ó wúwo jù, n kò sì ní fò ó. Púpọ̀ nínú wa jẹ́ Mùsùlùmí, púpọ̀ sì jẹ́ Kristẹni tí kì í mu ọtí. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe tàn wọ́n pé ẹmu àárọ̀ kì í ṣe ọtí, nítorí pé láti orí igi ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀ sí di ọtí. Àwọn wọ̀nyí ń san owó oṣù wọn pé. Ní èṣí, owó wọn ni a fi ra ohun tí ìgbàgbọ́ wọn kọ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ ni èyí, ìbáà ṣe wáìnì, ìbáà ṣe ẹmu.

Ẹ̀kẹrin, wọ́n ní kí ni àwọn onílé yóò wí bí a bá kó wọn lọ sí ibi ẹmu? Ẹni a bá lábà ni baba. Obì àti ẹmu ni àwọn ará Ẹdó fi ń gba àlejò kí wáìnì tó dé. Yóò dùn mọ́ wọn pé a mọ iyì ohun tiwọn.

Nítorí náà, èyí ni àbá tí èmi yóò gbé wá sí ìpàdé:

1. Kí a ṣe àsè ọdún ní ọ̀sán, ní ibi ẹmu tí ó ní ìbòòji tí ó sì mọ́, kì í ṣe ní hòtẹ́ẹ̀lì.
2. Kí owó ẹgbẹ́ ra oúnjẹ, omi, àti zobo fún gbogbo ènìyàn. Ẹni tí yóò bá mu ẹmu, kí ó ra tíkẹ́ẹ̀tì láti inú àpò ara rẹ̀.
3. Kí a pe onígìtá kan àti onídùndún kan, kí a sì bá wọn dá iye kan kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ náwó fún wọn, kí ó ná tirẹ̀.
4. Kí ẹni tí yóò wa ọkọ̀ má ṣe fi ẹnu kàn án.
5. Kí owó tí ó bá ṣẹ́kù wọ àpótí àìsàn àti ìsìnkú, kí a sì ka iye rẹ̀ sétí gbogbo ènìyàn.

Ẹ̀yin ará, iyì ẹgbẹ́ kò sí nínú kọ́ọ̀kì tí a fà yọ. Iyì ẹgbẹ́ ni pé bí ilẹ̀ bá ṣú mọ́ ọ̀kan nínú wa ní ilé àjò, kí àpótí má ṣófo. N kò fẹ́ gbé fìlà mọ́. Ẹ wá sí ìpàdé, kí ẹ sì gbé ọwọ́ sókè.

Èmi ni,
Akọ̀wé Ẹ̀ka yín.