Ọ̀lẹ Kọ́, Ẹ Yẹ Ẹ̀jẹ̀ Rẹ̀ Wò

Gbogbo wa la mọ òwe yẹn láti kíláàsì: onígẹ̀gẹ̀ ìṣáájú ló ba ti ìkẹyìn jẹ́. A ti túmọ̀ rẹ̀, a ti gba máàkì lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló béèrè ohun tó mú ọrùn onígẹ̀gẹ̀ wú? Ta ló sì béèrè nípa ẹni tí àìsàn kan náà ń bá fínra, tí ọrùn tirẹ̀ kò wú rárá?

Ọ̀kan nínú àwa tó kọ èyí, ọmọ Ìlárá ni, ní Ìmẹ̀kọ-Àfọ̀n, létí ààlà ilẹ̀ Benin. Àbúrò ìyá rẹ̀ ń ta láfún. Odidi ọdún méjì ni obìnrin yìí fi ń sùn nídìí ọjà rẹ̀. Kì í jẹun púpọ̀, síbẹ̀ ó ń sanra. Òtútù ń mú un nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Irun rẹ̀ ń já, nǹkan oṣù rẹ̀ ń ṣe ségesège. Ọkọ ní ọ̀lẹ ni. Ìyá ọkọ ní ayé ló ń ṣe é. Ó lo oògùn ibà, ó lo ti jẹ̀funjẹ̀fun, ó mu àgbo. Ìgbà tó tó di pé wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò nítorí táírọ́ìdì, ní ìlú mìíràn, ọ̀rọ̀ yanjú. Hóró oògùn kan ló ń lò láràárọ̀ báyìí, ó sì ti padà sẹ́nu òwò rẹ̀. Ta ni yóò san ọdún méjì yẹn padà fún un?

Àwọn àgbà ní orí burúkú kì í wú tuulu. Àìsàn táírọ́ìdì náà, ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í wú. Táírọ́ìdì jẹ́ ẹ̀yà ara kékeré tó rí bíi labalábá níwájú ọ̀fun. Òun ló ń tú họ́mónù sínú ẹ̀jẹ̀, èyí tó ń sọ bí ara yóò ṣe yára ṣiṣẹ́ tó. Ẹ̀yà ara mìíràn wà nísàlẹ̀ ọpọlọ tó ń rán TSH sí i pé kó ṣiṣẹ́. Bí táírọ́ìdì bá dẹwọ́, ọ̀gá yóò máa pariwo: TSH yóò lọ sókè, T4 tó yẹ kí táírọ́ìdì pèsè yóò wálẹ̀. Bí táírọ́ìdì bá ń ṣe àṣejù, TSH yóò wálẹ̀. Ẹni náà yóò máa rù, àyà rẹ̀ yóò máa lù kìkì, ọwọ́ rẹ̀ yóò máa gbọ̀n. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ láti apá ti tó láti mọ èyí. Ọ̀lẹ wà nínú ọ̀rọ̀ àǹtí yìí lóòótọ́. Inú ọ̀fun rẹ̀ ló wà.

Àwọn kan yóò ní iyọ̀ ti parí ọ̀rọ̀ yìí. Òótọ́ ni pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀wádún 1990 ni Nàìjíríà ti pa á láṣẹ kí wọ́n máa fi áyódíìnì sínú iyọ̀, ó sì ṣe wá lóore. Ṣùgbọ́n iyọ̀ kò lè tún táírọ́ìdì tí àwọn ọmọ ogun ara fúnra wọn ń bá jà ṣe. Kò sì wo ọmọ tí wọ́n bí láìní táírọ́ìdì sàn.

Ọ̀rọ̀ ọmọ yìí gan-an ló ń bí wa nínú. Káàkiri ayé, nǹkan bí ọmọ 1 nínú 2,000 sí 4,000 ni wọ́n ń bí pẹ̀lú táírọ́ìdì tí kò ṣiṣẹ́. Ojú lásán kò lè mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ ìkómọ, nítorí họ́mónù ìyá ṣì ń bò ó láṣìírí. Bó bá rí oògùn gbà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, yóò gbọ́n bí ẹgbẹ́ rẹ̀. Bí a bá pẹ́, ọpọlọ rẹ̀ lè má bọ̀ sípò mọ́. Quebec ní Kánádà ti bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò yìí fún ọmọ tuntun ní 1974; Britain mú un kárí ìlú ní 1981.

Ẹ má sọ pé a ò mọ̀. Ní 1998, Ojule àti Babatunde Osotimehin tẹ ìwádìí jáde lórí táírọ́ìdì àwọn ìyá àti ọmọ tuntun ní Ṣakí, ní Òkè-Ògùn. Osotimehin yìí kan náà ló di mínísítà ètò ìlera lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá. Ìmọ̀ wà nílé. Ìlárá ni kò tíì dé.

Owó ńkọ́? A kò ní kí wọ́n gbé ẹ̀rọ wá sí Ìlárá. Ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ láti gìgísẹ̀ ọmọ, lórí bébà tó ń fa omi, yóò gbẹ, yóò sì wọ àpòòwé. Kò nílò fíríìjì. Nọ́ọ̀sì tó ń gún ọmọ ní abẹ́rẹ́ àjẹsára ti wà níbẹ̀. Ọkọ̀ tó ń lọ Abẹ́òkúta wà. Aláboyún tí ọrùn rẹ̀ wú, tàbí tí àárẹ̀ rẹ̀ kọjá ti oyún, wọ́n kúkú ń fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fún àyẹ̀wò mìíràn. Abẹ́rẹ́ ti wọlé tán, kí ló kù?

Ó ku ìjọba ìpínlẹ̀ Ògùn, kí wọ́n fi í sínú ètò. Ó sì ku àwa. Àwa tí à ń kọ́ Yorùbá ní yunifásítì, èwo nínú ìwé tí a kọ ló lè ṣàlàyé TSH fún ìyá oníláfún? A fi gẹ̀gẹ̀ sílẹ̀ fún òwe, a fi táírọ́ìdì sílẹ̀ fún Gẹ̀ẹ́sì, aláìsàn wá bọ́ sáàárín méjèèjì. Ẹ̀yin akẹgbẹ́ wa, ẹ̀yin tí ẹ ti gboyè jáde, bí ẹ bá délé ní ìsinmi, tí wọ́n ń pe ẹnì kan ní ọ̀lẹ, ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá wọ́n ti yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Kí ẹ sì fi Yorùbá béèrè.