Ìpín Ogún Fráǹkì Kì í Ṣe Ọjà Pọ́ọ́kú

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí lè dun àwọn kan, pàápàá ẹ̀yin olùkọ́ ẹgbẹ́ mi àti ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìjọba. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á tán kí ẹ tó bú mi.

Ní àdúgbò wa yìí, láti Nangbéto títí dé Atakpamé, ọ̀rọ̀ ìpín ilé-iṣẹ́ ti wọ ẹnu àwọn èèyàn tí kì í sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Ẹni tó gba owó oṣù, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó àjọ, ẹni tó ta òwú rẹ̀ tán, wọ́n ń fi fóònù wo iye tí ìpín Oragroup tàbí ti Ecobank jẹ́ ní BRVM, ọjà ìpín tó wà ní Abidjan. Ìyẹn kò burú. Ohun tó burú ni pé ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n ń béèrè: «Ṣé ó máa gòkè?» Ìbéèrè ẹni tó ń ta tẹ́tẹ́ nìyẹn. Bó bá jẹ́ pé tẹ́tẹ́ lẹ fẹ́ ta, LONATO wà nítòsí, kò sì ní kí ẹ kó owó ilé-ìwé ọmọ wá.

Ẹ jẹ́ ká mú Oragroup, torí Lomé ni olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà, òun ló sì ni àwọn báǹkì Orabank. Ní ìparí ọdún 2018, wọ́n ta ìpín rẹ̀ fún aráàlú ní 4,100 fráǹkì ọ̀kọ̀ọ̀kan. Owó tí wọ́n kó jọ lé ní bílíọ̀nù 56. Ní ọjọ́ 16 oṣù kẹrin ọdún 2019, ìpín náà wọ ọjà BRVM. Nígbà tó yá, owó rẹ̀ ń wálẹ̀, ẹni tó rà á ní 4,100 sì ń wo ohun tó jìnnà sí iye yẹn. Ní 2023, ilé-iṣẹ́ Vista kéde pé òun fẹ́ ra èyí tó pọ̀ jù nínú ìpín náà. Ariwo sọ! «Olówó ń bọ̀, ẹ tètè rà!» Nígbà tó di 2024, ọjà yẹn dàrú, Vista kò rà á mọ́. Ìwé ìṣirò ọdún 2023 sì wà níta tó ń fi hàn pé àdánù ni báǹkì náà rí, kì í ṣe èrè. Mélòó nínú àwọn tó ń pariwo «olówó ń bọ̀» ló ṣí ìwé náà wò?

Ká tiẹ̀ ní olówó dé. Kí ló máa bá dé? Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2024 ni òfin UEMOA ti sọ pé owó ìdásílẹ̀ báǹkì kọ̀ọ̀kan kò gbọdọ̀ dín ní bílíọ̀nù 20. Bílíọ̀nù 10 ni tẹ́lẹ̀, wọ́n sì fún àwọn báǹkì ní ọdún mẹ́ta láti kún un. Báǹkì tó ń jèrè lè fi èrè rẹ̀ kún un. Èyí tó ń pàdánù ńkọ́? Àfi kó ta ìpín tuntun. Ẹni tó bá sì wá gba ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ nínú ìnira kì í san owó ńlá. Ó máa sanwó kékeré, ó sì máa mú apá ńlá. Bí ìwọ kò bá rówó ra nínú tuntun yẹn, apá tìrẹ nínú ilé náà á dín kù. Nítorí náà, olùgbàlà tí ẹ ń dúró dè lè gba báǹkì là, kó má gba ẹ̀yin là.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí Ecobank, ilé-iṣẹ́ ńlá míì tí Lomé jẹ́ ilé rẹ̀, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1985. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, èèyàn lè ra ìpín rẹ̀ kan ní BRVM ní owó tí kò pé 20 fráǹkì. Ohun tí mo ń gbọ́ lẹ́nu àwọn èèyàn ni pé: «Ogún fráǹkì péré! Bó bá di 100, mo ti lówó.» Ọmọ kíláàsì CM2 lè dáhùn ọ̀rọ̀ yìí. Ìpín Ecobank tó wà níta lé ní bílíọ̀nù 24. Ẹ fi 20 sọ bílíọ̀nù 24 dọ̀nà púpọ̀, ẹ ó rí i pé ọjà ti fi bílíọ̀nù 480 fráǹkì díye lé ilé-iṣẹ́ náà. Kó tó lè di 100 fráǹkì, ẹnì kan gbọ́dọ̀ gbà pé ó tó bílíọ̀nù 2,400. Ta ni ẹni náà, kí ló sì rí tó fi gbà bẹ́ẹ̀? Ìpín Sonatel ti Senegal ju 15,000 fráǹkì lọ, ó sì ń pín èrè fún àwọn onípìn-ín rẹ̀ lọ́dọọdún. Èyí tó wọ́n lẹ́nu lè pọ́ọ́kú nínú, èyí tó pọ́ọ́kú lẹ́nu lè wọ́n nínú. Ẹni tó gé ẹran sí wẹ́wẹ́ kò sọ ẹran di púpọ̀.

Ẹ tún wo èyí. Ẹni tó fi 100,000 fráǹkì ra ìpín ogún-ogún fráǹkì ní ìpín 5,000. Bó bá wálẹ̀ ní fráǹkì kan péré, 5,000 fráǹkì ti lọ. Àwọn alágbàtà SGI á gba owó tiwọn nígbà tó ń rà, wọ́n á tún gbà nígbà tó ń tà. Nítorí náà, ẹni tó ń rà lónìí tó ń tà lọ́la ń bọ́ alágbàtà ni.

Àwọn ọlọ́gbọ́n kan máa ń sọ pé: «Èèyàn kì í pàdánù títí yóò fi tà.» Ọ̀rọ̀ yìí ló ń bí mi nínú jù. Bí iṣu bá jẹrà nínú abà, ṣé torí pé ẹ kò tíì gbé e lọ sọ́jà Anié ni kò fi tíì jẹrà? Ẹ lọ bi àwọn tó ní ìpín Afribank ní Nàìjíríà. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2009, Báǹkì Àpapọ̀ Nàìjíríà yọ ọ̀gá báǹkì náà kúrò pẹ̀lú àwọn ọ̀gá báǹkì mẹ́rin míì. Ọ̀pọ̀ onípìn-ín kò tà, wọ́n ní yóò padà bọ̀ sípò. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹjọ 2011, ìjọba gba ìwé àṣẹ Afribank, wọ́n gbé iṣẹ́ rẹ̀ fún báǹkì tuntun tó ń jẹ́ Mainstreet. Ẹni tó fi owó pamọ́ síbẹ̀ rí owó rẹ̀. Onípìn-ín kò rí nǹkan kan. Láàárín wọn ni àwọn tó ti fẹ̀yìn tì, tó jẹ́ pé ìpín yẹn ni wọ́n gbójú lé.

Ohun tó yẹ kí gbogbo wa mọ̀ nìyẹn: onípìn-ín ló ń jẹun kẹ́yìn. Òṣìṣẹ́ á gba tirẹ̀, ìjọba á gba owó orí, ẹni tó yá ilé-iṣẹ́ lówó á gba tirẹ̀, ẹni tó fi owó pamọ́ á gba tirẹ̀. Bí nǹkan bá ṣẹ́kù nínú ìkòkò, ó kan onípìn-ín. Bí ìkòkò bá gbẹ, ẹ kò lè bá ẹnikẹ́ni jà.

Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni má ra ìpín. Ecobank náà rí àdánù ní 2016, ọdún bíi márùn-ún sì kọjá tí kò pín èrè. Lẹ́yìn náà ló jèrè padà, ó sì pín owó ní 2022, bíi fráǹkì kan lórí ìpín kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ń ka ìwé ìṣirò rí i tí ara rẹ̀ ń yá díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó ń gbọ́ àhesọ kò rí nǹkan kan, bó bá jèrè, oríire ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé létí bàráàjì Nangbéto mọ̀ pé ẹni tó ń wo ojú omi lásán kò mọ ohun tó ń bọ̀. Ẹni tó ń bi òkè odò Mono léèrè bí òjò ṣe rọ̀ ló mọ̀.

Ẹ̀bi yìí kì í ṣe ti àwọn ìyá wa tó ń tajà. Tiwa ni, àwa tí wọ́n fi Faransé kọ́. Faransé ni wọ́n fi kọ àwọn ìwé ìṣirò wọ̀nyí, ọ̀fẹ́ ni wọ́n wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì BRVM. Àwa lè kà á. Síbẹ̀, bí ìyá wa bá bi wá, ohun tí à ń sọ ni pé: «Wọ́n ní ó máa gòkè.» Ta ni «wọ́n»? Ẹni tó ti rà á, tó ń wá ẹni tó máa tà á fún, ló pọ̀ jù nínú «wọ́n» yẹn.

Ohun mẹ́rin péré ni kí ẹ wá nínú ìwé náà kí ẹ tó gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn. Résultat net: ṣé èrè ni àbí àdánù, ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ńkọ́? Capitaux propres: kí ló ṣẹ́kù fún àwọn onípìn-ín bí wọ́n bá san gbogbo gbèsè? Créances en souffrance: mélòó nínú owó tí báǹkì yá àwọn èèyàn ni wọn kò san padà? Dividende: ìgbà wo ni wọ́n pín èrè gbẹ̀yìn? Ẹni tí kò bá lè dáhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kó dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ «ó máa gòkè».

Owó ilé-ìwé, owó àìsàn, owó àjọ tí ẹ̀yin àti ẹlòmíràn jọ dá, ẹ má fi ra ìpín ilé-iṣẹ́ tó ń rọ́jú. Ẹni tó bá ní ìwé ìṣirò ilé-iṣẹ́ kan lọ́wọ́ tí Faransé rẹ̀ ṣòro fún un, kó gbé e síbí. A ó jọ kà á ní Yorùbá, ìlà kan lẹ́yìn èkejì, kí àwọn ìyá wa náà lè gbọ́.