Bí Ikú Ilé Kò Bá Pani

Ẹ̀yin òbí Guardia Piemontese, ẹ̀yin ni mò ń bá wí. Ẹ fetí sílẹ̀.

Ìlú yín kéré, ó dá jókòó sórí òkè tó kọjú sí òkun ní Calabria, ní gúúsù Ítálì. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́nu yín kì í ṣe ohun kékeré. Láti àwọn àfonífojì Piemonte, lókè lọ́hùn-ún ní àríwá, ni àwọn baba ńlá yín ti gbé èdè Occitan wá ní nǹkan bí 700 ọdún sẹ́yìn. Òun lẹ fi ń pe ìlú yín ní La Gàrdia.

Àbí ẹ ti gbàgbé ohun tí ojú wọn rí? Ọmọ ìjọ Valdesi ni wọ́n, ìjọ Àgùdà sì kà wọ́n sí aládàámọ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 1561, àwọn ọmọ ogun ya wọ̀lú, wọ́n pa wọ́n nípakúpa. Ìtàn ní ẹ̀jẹ̀ ṣàn láti òkè wá dé ẹnubodè. Porta del Sangue, Ẹnubodè Ẹ̀jẹ̀, ni wọ́n ń pè é títí dòní. Wọ́n wá pàṣẹ pé kí àwọn tó ṣẹ́kù lu ihò ìyọjúwò sára ilẹ̀kùn. Ẹ wo èyí tó kù nínú wọn: ìdérí kékeré ni, ìta ni wọ́n sì ti ń ṣí i. Onílé kò láṣẹ lórí rẹ̀. Ìgbà tó bá wu amí ló ń yọjú wo ohun tí wọ́n ń ṣe nínú ilé. Síbẹ̀ èdè náà kò kú. Ìyá sọ ọ́ fún ọmọ, ọmọ sọ ọ́ fún ọmọ-ọmọ.

Lónìí, ta ló ń yọjú wò yín? Kò sẹ́nì kan. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ ń fi èdè Ítálì bá ọmọ sọ̀rọ̀ nídìí oúnjẹ, tí ẹ fi Occitan sílẹ̀ fún ìyá àgbà. UNESCO ti kà á mọ́ àwọn èdè tó wà nínú ewu ńlá. Ikú òde dé ní 1561, kò rí i pa. Ikú ilé ni mò ń bẹ̀rù.

Ẹ ní kí ojú ọmọ lè là ni. Ilé ìwé á kọ́ ọ ní èdè Ítálì, tẹlifíṣọ̀n á kọ́ ọ. Ta ni yóò kọ́ ọ ní ti La Gàrdia bí kò ṣe ẹ̀yin?

Ìjọba Ítálì náà jẹ̀bi. Òfin orílẹ̀-èdè wọn ti ọdún 1948 ṣèlérí ààbò fún àwọn tí èdè wọn yàtọ̀. Ó di oṣù Kejìlá ọdún 1999 kí òfin 482 tó mẹ́nu ba èdè 12, tí Occitan wà lára wọn. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún ìlérí náà ti lè máa gbé ọmọ-ọmọ pọ̀n kí òfin tó jáde.

Ṣùgbọ́n òfin yẹn kan náà ló ní kí òbí sọ, nígbà tó bá ń forúkọ ọmọ sílẹ̀ nílé ìwé, bóyá òun fẹ́ kí wọ́n kọ́ ọ ní èdè ìbílẹ̀. Ẹ sọ pé ẹ fẹ́ ẹ. Kí ẹ má sì rò pé ó ti tán síbẹ̀. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Lálẹ́ òní, bí ẹ bá jókòó ti oúnjẹ, ẹ fi èdè La Gàrdia ní kí ọmọ bu omi wá. Bí kò bá gbọ́, ẹ má yí i sí Ítálì. Ẹ tún un sọ.